Oòrùn Kan Náà, Òjò Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Bí Òkun àti Afẹ́fẹ́ Ṣe Ń Pín Òjò fún Ilẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kìn-ín-ní, ẹni tí ó bá wọ Ọjà Tuntun ní Ìlọrin yóò rí i pé ọyẹ́ ti dé ọjà ṣáájú àwọn ọlọ́jà. Eruku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti bo orí àtẹ, ètè àwọn ọmọdé ti sán, àwọn ìyá tí ń ta aṣọ sì ń gbọn ẹrù wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí oníbàárà tó dé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ní ojú ibi kan náà, omi yóò máa ṣàn láàárín àwọn ìsọ̀, àwọn tí ń ta ata yóò sì máa fi ọ̀rá bo ọjà wọn nítorí òjò. Oòrùn tí ó ràn ní oṣù Kìn-ín-ní ni ó ń ràn ní oṣù Kẹsàn-án, ilẹ̀ kò sì kúrò ní ibi tí ó wà. Kí ni ó yí padà? Afẹ́fẹ́ ni.

Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí afẹ́fẹ́ náà, àti lórí òkun tí ó ti ń kó omi wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Irúgbìn tí àgbẹ̀ fẹ́ sọ sínú ilẹ̀, àti iye tí ìyàwó ilé yóò fi ra àgbàdo lọ́jà, ọwọ́ afẹ́fẹ́ yìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà.

ÌLÚ MẸ́TA LÁBẸ́ OÒRÙN KAN

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé a máa fa ìlà yí àwòrán ayé ká, kí wọ́n lè mọ bí ibi kọ̀ọ̀kan ti jìnnà tó sí agbedeméjì ayé. Dígíríì ni wọ́n fi ń ka àwọn ìlà wọ̀nyí. Ìlọrin wà ní nǹkan bíi dígíríì 8½ sí àríwá agbedeméjì ayé. Gbogbo ìlú tí ó bá wà lórí ìlà kan náà ni oòrùn ń bá lò bákan náà: gígùn ọ̀sán wọn dọ́gba, ọjọ́ tí oòrùn bá sì dúró ṣánṣán lórí ọ̀kan ni yóò dúró ṣánṣán lórí àwọn yòókù. Ní Ìlọrin, ẹ̀ẹ̀mejì ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dún, ní àárín oṣù Kẹrin àti ní ìparí oṣù Kẹjọ. Ẹni tí ó bá dúró ní gbangba ní ọ̀sán gangan ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bí ìkúukùu kò bá bo oòrùn, yóò rí i pé òjìji òun ti kó sí abẹ́ ẹsẹ̀ òun.

Bí a bá tẹ̀ lé ìlà yìí láti Ìlọrin lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn títí dé etí òkun, a ó bá ìlú Freetown, olú-ìlú ilẹ̀ Sàró. Ìlú yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ibẹ̀ ni a sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn wa kalẹ̀ sí láyé ọjọ́un, nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ibẹ̀ ní ọdún 1822. Bí a bá sì tẹ̀ lé ìlà kan náà lọ sí ìhà ìlà oòrùn, títí a ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ilẹ̀ Áfíríkà, a ó bá ìlú Garowe ní ilẹ̀ Sòmálíà. Ìlú mẹ́ta, ìlà kan, oòrùn kan; ṣùgbọ́n òjò wọn kò jọra rárá.

Àwọn tí ń wọn òjò a máa gbè é sínú agolo, wọn a sì fi mìlímítà ka bí omi náà ti ga tó. Bí gbogbo òjò tí ń rọ̀ ní Ìlọrin láàárín ọdún kan bá dúró lórí ilẹ̀ láìṣàn, tí ilẹ̀ kò fà á mu, tí oòrùn kò sì gbẹ ẹ́, yóò ga tó nǹkan bíi mìlímítà 1,200. Omi náà yóò dé àyà àgbàlagbà. Ti Freetown yóò tó nǹkan bíi 3,000, èyí tí yóò bo àtẹ́rígbà ilé mọ́lẹ̀. Ti Garowe kò tó 200. Kò ní fi bẹ́ẹ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀.

Àwọn àgbà a máa wí pé òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò ní ọ̀nà tí ó ń gbà, ẹni tí ó bá sì wà lójú ọ̀nà náà ni ó ń rí. Ọ̀nà náà ni ó yẹ kí á mọ̀.

IYANRÌN ÀTI OMI NÍNÚ OÒRÙN

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí bu iyanrìn gbígbẹ sínú igbá kan, kí ó bu omi sínú igbá kejì, kí ó sì gbé méjèèjì sí oòrùn láti òwúrọ̀. Nígbà tí ó bá di ọ̀sán, iyanrìn náà yóò gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò ní lè pẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n omi yóò kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, iyanrìn yóò tètè tutù, omi yóò sì pa ìlọ́wọ́ọ́rọ́ tirẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Bákan náà ni ilẹ̀ àti òkun rí. Ilẹ̀ a máa tètè gbóná, a sì máa tètè tutù. Òkun kì í yára ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìdí nìyí tí ooru ọ̀sán àti òtútù òru kò fi jìnnà sí ara wọn púpọ̀ ní Èkó tí ó wà létí òkun, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó sun ìta ní Ìlọrin nígbà ọyẹ́ fi lè máa gbọ̀n ní òwúrọ̀, kí ó sì tún máa làágùn ní ọ̀sán.

Ohun kejì ni pé afẹ́fẹ́ tí ó bá wà lórí ibi gbígbóná a máa fúyẹ́, a sì máa gòkè, gẹ́gẹ́ bí èéfín ti ń gòkè láti orí ààrò. Nígbà tí ó bá gòkè, afẹ́fẹ́ mìíràn tí ó tutù jù ú lọ yóò ya wá gba ààyè rẹ̀. Ohun kẹta ni pé afẹ́fẹ́ tí ó bá ti orí omi kọjá a máa gbé ọ̀rinrin lọ́wọ́, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Bí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ bá gòkè, yóò tutù. Bí ó bá tutù, kò ní lè gbé gbogbo ọ̀rinrin rẹ̀ mọ́. Ọ̀rinrin náà yóò di ìkúukùu, ìkúukùu yóò sì di òjò. Ẹni tí ó bá ti rí omi tí ń sẹ̀ sí abẹ́ ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ ti rí irú iṣẹ́ yìí nínú ilé ìdáná.

AFẸ́FẸ́ MÉJÌ TÍ Ń DU ILẸ̀ ÌLỌRIN

Ní àárín ọdún, oòrùn a máa mú Aṣálẹ̀ Sàhárà gbóná bí ààrò. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a gòkè, afẹ́fẹ́ láti orí Òkun Àtìláńtíìkì a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ilẹ̀ wá láti agbedeméjì gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn. Nǹkan bíi kìlómítà 250 ni ó wà láàárín etí òkun àti Ìlọrin. Ọ̀nà yẹn ni ọ̀rinrin ń rìn kí ó tó di òjò lórí òrùlé Ọjà Tuntun. Ní ìparí ọdún, aṣálẹ̀ a tutù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a sì máa ti agbedeméjì àríwá àti ìlà oòrùn fẹ́ wá sí etí òkun. Èyí ni ọyẹ́. Púpọ̀ nínú eruku tí ó ń gbé dání ni ó ti ń bọ̀ láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀tá pátápátá o: òun ni ó ń bá àwọn ìyá gbẹ ẹ̀lùbọ́ tí wọn ń kó wá sí ọjà. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó ń gbẹ koríko àti pákó títí iná kékeré yóò fi di ìjàǹbá.

Ibi tí afẹ́fẹ́ méjèèjì bá ti pàdé ni ààlà wọn, ààlà náà kì í sì í dúró sí ojú kan. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ó máa ń wà nítòsí etí òkun ní gúúsù. Láti oṣù Kejì ni ó ti ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó bá fi di oṣù Kẹjọ, yóò ti kọjá Kano, yóò sì ti dé nǹkan bíi dígíríì 20, nínú aṣálẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn èyí ni yóò tún máa padà sí gúúsù, ní kíákíá ju bí ó ti lọ.

Ó yẹ kí á ṣe àkíyèsí ohun kan dáadáa. Nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun bá ń wọlé bọ̀, abẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ó ń gbà wọlé, nítorí pé òun ni ó wúwo jù. Iwájú rẹ̀ sì tínrín bí ojú àdá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó nípọn. Nítorí náà, òjò kì í rọ̀ dáadáa ní ibi tí ààlà náà wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní gúúsù, níbi tí ọ̀rinrin ti nípọn, ni òjò gidi wà. Ní Ìlọrin, ooru líle a máa mú ní oṣù Kẹta, ara a máa lẹ̀, ìkúukùu a máa kó jọ, àwọn ènìyàn a sì rò pé òjò ti dé tán. Ojú àdá nìkan ni ó dé. Ìjì kan lè jà, kí òjò sì rọ̀ wìì fún wákàtí kan. Lẹ́yìn èyí, ààlà náà lè fà sẹ́yìn, kí oòrùn sì mú fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta láìsí ẹ̀kán omi kan.

Àgbẹ̀ tí ó lákìíyèsí lè béèrè pé: bí ó bá ṣe pé láti òkun ni omi ti ń wá, èé ṣe tí òjò líle oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin fi ń ṣú láti ìhà ìlà oòrùn? Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Ìjì tí ń rọ òjò náà ni ó ń ti ìlà oòrùn rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, nítorí pé afẹ́fẹ́ òkè ni ó ń tì í lọ. Ṣùgbọ́n omi tí ó ń dà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun ni ó ti kó o dè é ní ìsàlẹ̀. Ìjì náà dà bí àlejò tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé omi tí onílé ti pọn sínú àmù ni ó mu.

ÌDÍ TÍ SÀRÓ FI RÍ PÚPỌ̀, TÍ SÒMÁLÍÀ FI RÍ DÍẸ̀

Ní Freetown, etí òkun dojú kọ afẹ́fẹ́ òkun tààrà. Bí afẹ́fẹ́ náà sì ti ń gúnlẹ̀ ni òkè ńlá dìde níwájú rẹ̀, àwọn òkè tí ó ga tó nǹkan bíi mítà 900. Afẹ́fẹ́ tí ó kún fún ọ̀rinrin kò rí ọ̀nà mìíràn ju kí ó gòkè lọ. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń tutù, bí ó sì ti ń tutù ni ó ń da omi sílẹ̀. Òjò tí ń rọ̀ ní Freetown ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ nìkan ju èyí tí ń rọ̀ ní Ìlọrin ní odindi ọdún lọ. Ìbùkún ni irú omi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún lè di ibi. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn òjò àrọ̀ìrọ̀dá, apá kan òkè ya lulẹ̀ ní àdúgbò Regent, ó sì gbé ilé àti ènìyàn lọ. Àwọn tí ó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ ju 1,000 lọ.

Ní Sòmálíà, òkun wà nítòsí bákan náà, ṣùgbọ́n kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní àárín ọdún, nígbà tí òjò ń rọ̀ ní Ìlọrin, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ti orí òkun kọlu ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ etí òkun ni ó ń fẹ́ gbà lọ sí ọ̀nà ilẹ̀ Íńdíà. Bí ó ti ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ń ti omi gbígbóná orí òkun sẹ́yìn, omi tútù láti ìsàlẹ̀ òkun a sì máa rú sókè rọ́pò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí omi tútù kì í fẹ́ gòkè. Bí kò bá sì gòkè, òjò kò sí. Òjò díẹ̀ tí wọn ń rí láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún àti ní oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá ni àwọn darandaran ibẹ̀ gbọ́kàn lé.

ÌLÚ ETÍ ÒKUN TÍ ÒJÒ RẸ̀ KÒ TÓ TI ÌLỌRIN

Ẹnìkan lè wí pé Sòmálíà jìnnà. Kí ó wo Accra, olú-ìlú Ghana, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́. Etí òkun gan-an ni Accra wà, síbẹ̀ òjò ọdún kan níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 800, kò sì tó ti Ìlọrin tí ó wà ní àárín ilẹ̀. Monrovia, ní ilẹ̀ Làìbéríà, tí kò jìnnà sí ìlà Accra, ń rí ju 4,000 lọ. Ohun mẹ́ta ni ó fà á. Èkíní, etí òkun Accra kò dojú kọ afẹ́fẹ́ òkun bí ti Monrovia. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Èkejì, láti oṣù Keje dé oṣù Kẹsàn-án, omi tútù a máa rú sókè ní ojú òkun Ghana. Àwọn apẹja ibẹ̀ mọ àkókò náà dunjú, nítorí pé ìgbà náà ni ẹja máa ń pọ̀ nínú àwọ̀n wọn. Ohun tí ó dára fún apẹja kò dára fún àgbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Kò sí òkè létí òkun tí yóò gbé afẹ́fẹ́ náà sókè.

Nítorí èyí ni igbó ńlá tí ó bo etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fi já ní àárín. Láti Accra, kọjá Lomé, dé ilẹ̀ Benin, ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó sọ̀ kalẹ̀ dé òkun. Omi tútù yìí náà wà lára ohun tí ń mú òjò dín kù ní ilẹ̀ Yorùbá láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ. Ní Ìlọrin, òjò a máa pọ̀ ní oṣù Kẹfà, a máa sinmi díẹ̀, a sì tún máa pọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án kí ó tó lọ. Ẹni tí ó fẹ́ gbin àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì gbọ́dọ̀ ka ìsinmi yìí mọ́ ìṣirò rẹ̀.

OHUN TÍ Ó KAN ÀGBẸ̀ ÀTI ỌLỌ́JÀ

Bí òkun bá yí padà, àárín ilẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀dá tí ó mú àwọn ilẹ̀ etí aṣálẹ̀ láti ọdún 1968 dé 1973 pa ẹran ọ̀sìn àti ènìyàn lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn lẹ́yìn náà pé ìyípadà nínú ìgbóná omi òkun ni olórí ohun tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ òjò dé ibi tí ó máa ń dé. Ní ọdún 1983, ọ̀dá mú ní Ghana, iná jó oko àti igbó, ebi sì pa ìlú.

Kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún òkun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìrìn afẹ́fẹ́ kò ní fi irúgbìn rẹ̀ ṣòfò. Iṣu tí a ti gbìn sínú ebè, tí a sì ti fi koríko bò lórí, lè ní sùúrù de òjò. Àgbàdo kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Bí ó bá hù nítorí òjò kan ṣoṣo ní oṣù Kẹta, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì kọjá láìsí òmíràn, yóò kú, àgbẹ̀ yóò sì tún ra irúgbìn. Àwọn tí kò lágbára láti tún un rà yóò fi ilẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ọjà yóò sì mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá yá. Ìyá tí ń ta àgbàdo tútù ní Ọjà Tuntun kò ní láti rí oko kí ó tó mọ̀ pé òjò tan àgbẹ̀ jẹ lọ́dún náà.

Nítorí náà, kí àgbẹ̀ má ṣe sọ gbogbo irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí òjò àkọ́rọ̀. Kí ó gbẹ́ ilẹ̀ wò bóyá ó ti rin dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe ní òkè nìkan. Kí ó dúró títí òjò yóò fi rọ̀ léra, kí ó sì pa díẹ̀ nínú irúgbìn rẹ̀ mọ́. Lọ́dọọdún, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́, tí a mọ̀ sí NiMet, a máa kéde ọjọ́ tí wọ́n retí pé òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò dáwọ́ dúró ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà ní abúlé ka ìkéde náà sí etí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà, kí wọ́n tó gbé ọkọ́ lọ sí oko. Ìmọ̀ àwọn àgbà nípa oko àti ìmọ̀ àwọn tí ń wọn afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá wẹ ti òsì, tí òsì wẹ ti ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ń KÀWÉ PAPỌ̀

1. Ìlọrin, Freetown àti Garowe wà lábẹ́ oòrùn kan náà. Kí ni ó mú kí òjò wọn yàtọ̀?

2. Èé ṣe tí Accra tí ó wà létí òkun kò fi rí òjò tó Ìlọrin?

3. Láti ìhà ibo ni òjò oṣù Kẹta ti ń ṣú ní abúlé yín, láti ibo sì ni omi inú rẹ̀ ti wá?

4. Ní ọdún tí ó kọjá, ọjọ́ mélòó ni ó wà láàárín òjò àkọ́rọ̀ àti èyí tí ó tẹ̀ lé e? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó gbin àgbàdo ní ọjọ́ àkọ́kọ́?